Àtúnsọ Ìtàn Drágónì fún Àwọn Ọmọ Wa: Apá Tí Kò Yẹ Kí A Gé Kúrò

Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí a kọ nǹkan tí yóò wúlò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn òbí, ìbéèrè kan tí àwọn òbí máa ń bi wá ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ìbéèrè náà ni pé: Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa ka ìtàn drágónì fún ọmọ nínú ilé onígbàgbọ́? Àwọn kan bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú àpò ọmọ wọn, wọ́n rí àwòrán ẹranko abìyẹ́ tí ó ń tu iná lẹ́nu, àyà wọn sì já. Àwọn mìíràn ní ọmọ-ọmọ ní òkè-òkun, tí orúkọ drágónì kì í kúrò lẹ́nu wọn, àwọn àgbà náà kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi dá wọn lóhùn.

Ìdáhùn wa ni pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi mú un ṣe pàtàkì. Gbogbo ìtàn àtayébáyé ni a máa ń tún sọ kí ó tó dé etí ọmọdé. Ẹni tí ó ń tún un sọ yóò gé e kúrú, yóò mú èdè rẹ̀ rọrùn, yóò sì yọ ohun tí ó bá rò pé ó ju agbára ọmọ lọ. Èyí kò burú. Ohun tí a fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò ni ohun tí a máa ń yọ gan-an. Bí a ti ń fi àwọn ìtàn náà wé àtúnsọ wọn, a rí i pé iná àti ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń kù síbẹ̀. Apá tí ó máa ń tètè bọ́ sọnù ni apá tí ó bá àgbàlagbà wí.

Ọ̀nà tí drágónì gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Drágónì kì í ṣe ẹranko inú àlọ́ wa. A mọ erè, a mọ ọ̀kà, a mọ paramọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ejò ńlá tí ó ní ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ apá, tí ó ń tu iná, tí ó sì ń sùn lórí ìṣúra wúrà, ọ̀nà ìwé ni ó gbà wọlé wá. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá kò pè é ní ejò lásán; wọ́n gba orúkọ rẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò. Nítorí náà ni a ṣe ń ka ìtàn drágónì pupa ńlá nínú orí kejìlá Ìwé Ìfihàn, èyí tí ó dúró níwájú obìnrin tí ó ń rọbí, tí ó ń ṣọ́ ìgbà tí yóò bí kí ó lè pa ọmọ náà jẹ. Kí òbí tí ẹ̀rù ìtàn drágónì ń bà rántí èyí: níbi tí drágónì ti hàn gbangba jù lọ nínú Ìwé Mímọ́, ọmọdé ni ó ń lépa.

Ìwé kejì tí ó mú un wá ni ti John Bunyan. David Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí C.M.S. rán wá sí Ìbàdàn, ni ó túmọ̀ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ sí èdè wa, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1866. Nínú Àfonífojì Ìrẹ̀lẹ̀ ni èrò mímọ́ náà ti pàdé Apollyon, abàmì tí ó ní ìpẹ́ bí ẹja àti ìyẹ́ apá bí ti drágónì. Ẹ̀rù bà á, ó rò ó bóyá kí òun sá. Ṣùgbọ́n ó rántí pé kò sí ìhámọ́ra kankan tí ó bo ẹ̀yìn òun, nítorí náà ó dúró, ó sì jà. Àwọn baba ńlá wa tí ó kọ́ ìwé kíkà nígbà náà ti ka ìjà pẹ̀lú drágónì ní èdè Yorùbá ní ohun tí ó lé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ìfaradà kò gbọdọ̀ di ohun ìbẹ̀rù lójú wa.

Ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀, tí ó sì jẹ́ òtítọ́

Àwọn kan yóò sọ pé, “Bí kò bá ṣẹlẹ̀, irọ́ ni.” Ìjọ kò fi ojú yìí wo ọ̀ràn náà. Nínú àwọn ìwé Àpókírífà, ìtàn kan wà nípa Dáníẹ́lì àti drágónì tí àwọn ará Bábílónì ń bọ. Dáníẹ́lì kò mú idà, kò mú kùmọ̀. Ó se ọ̀dà, ọ̀rá àti irun pọ̀, ó fi ṣe òkèlè, ó jù ú sí drágónì náà lẹ́nu, ikùn ẹranko náà sì bẹ́. Ohun tí Abala Kẹfà nínú Àwọn Abala Mọ́kàndínlógójì ìjọ Áńgílíkà wí nípa irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé ìjọ ń kà wọ́n fún àpẹẹrẹ ìgbé-ayé àti fún ẹ̀kọ́ ìwà, ṣùgbọ́n kò gbé ìlànà ìgbàgbọ́ kankan ka orí wọn. Ìwọ̀n tí ó dára ni èyí fún òbí tí ó ń ka ìtàn fún ọmọ. A lè kọ́ ìwà nínú ìtàn drágónì láìsọ ọ́ di Ìhìnrere.

Ọ̀nà kan náà ni kí a fi mú ìtàn George Mímọ́, tí ó lókìkí ju gbogbo ìtàn drágónì lọ láàárín àwọn Krístẹ́nì. A gbà pé a pa George nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 303, lábẹ́ inúnibíni Késárì Diocletian. Lídà ni wọ́n ti ń bọlá fún un láti ìgbà pípẹ́, ìlú tí Pétérù ti wo Énéà sàn nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ṣùgbọ́n kò sí drágónì nínú àwọn ìtàn rẹ̀ àtètèkọ́ṣe. Ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí a tó rí drágónì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó sì mú kí ìtàn náà tàn ká gbogbo Yúróòpù ni Jacobus de Voragine, àlùfáà ará Ítálì tí ó kọ ìwé tí a ń pè ní Legenda Aurea ní àárín ọ̀rúndún kẹtàlá, tí ó sì padà di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Genoa. Kò sí ewu nínú kí a sọ méjèèjì fún ọmọ: ènìyàn gidi ni George, òwe ni drágónì rẹ̀. Ọmọ tí ó ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá mọ ìyàtọ̀ yìí ju bí a ti rò lọ.

Bí a ti sọ ọ́ nígbà náà

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn náà bí ó ti wà nínú ìwé Jacobus, kí a lè mọ ohun tí ó sọnù lẹ́yìn náà.

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Líbíà tí ń jẹ́ Silene. Lẹ́bàá ìlú náà ni adágún kan wà tí ó fẹ̀ bí òkun, drágónì kan sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ìgbà púpọ̀ ni àwọn ará ìlú ti kó ohun ìjà jáde sí i, tí wọ́n sì sá padà. Bí ó bá sún mọ́ odi ìlú, èémí ẹnu rẹ̀ a máa pa ènìyàn. Nítorí náà wọ́n gbìmọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní àgùntàn méjì lójúmọ́ kí ó má baà sún mọ́ tòsí. Nígbà tí àgùntàn kò tó mọ́, wọ́n pinnu láti máa fún un ní àgùntàn kan àti ènìyàn kan. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ lórí àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ìlú, kò sì yọ ilé ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Báyìí ni ó ń lọ títí ọmọ ìlú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ kan kèké mú ọmọbìnrin ọba, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí. Ọba ní kí wọ́n gba wúrà òun, kí wọ́n gba fàdákà òun, kí wọ́n gba ìdajì ìjọba òun, kí wọ́n ṣáà fi ọmọ òun sílẹ̀. Inú bí àwọn ará ìlú. Wọ́n rán an létí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ, pé ọmọ tiwọn ti kú, òun sì fẹ́ dá tirẹ̀ sí. Bí kò bá mú àṣẹ ara rẹ̀ ṣẹ, àwọn yóò sun òun àti ilé rẹ̀. Ọba bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ mẹ́jọ láti sunkún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́jọ pé, ó wọ̀ ọ́ láṣọ bí ọmọ ọba, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ọmọbìnrin náà sì ń lọ sí etí adágún.

Ibẹ̀ ni George ti bá a níbi tí ó ti ń sunkún, bí ó ti ń gun ẹṣin rẹ̀ kọjá. Ó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Ọmọbìnrin náà ní kí ó tètè gun ẹṣin rẹ̀ lọ, kí ó má baà bá òun kú. George kò lọ. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, drágónì gbé orí sókè láti inú omi. George ya àmì àgbélébùú, ó fi ọ̀kọ̀ gún un, ó bì í lulẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọbìnrin náà tú àmùrè rẹ̀, kí ó so ó mọ́ ọrùn drágónì láìbẹ̀rù. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹranko náà sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ajá tí ó gbọ́ràn, títí wọ́n fi wọ ìlú. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí wọn, wọ́n ń sá lọ sórí òkè. George pè wọ́n padà, ó ní kí wọ́n gba Kristi gbọ́, kí a sì rì wọ́n bọmi, òun yóò sì pa drágónì náà. Ọba àti gbogbo ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. George fa idà yọ, ó pa á. Màlúù ni wọ́n sì fi wọ́ òkú rẹ̀ jáde kúrò nínú ìlú. Ọba kó owó tí kò lóǹkà fún un, ó ní kí wọ́n pín in fún àwọn tálákà. Ó sọ ohun mẹ́rin fún ọba: kí ó tọ́jú ìjọ Ọlọ́run, kí ó bọlá fún àwọn àlùfáà, kí ó máa fi ọkàn sí ìsìn, kí ó má sì gbàgbé àwọn aláìní. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí a gé, àti ìdí tí a fi gé e

Ẹ wo bí ìtàn kan náà ti máa ń rí nínú ìwé àwòrán tí ó kúrú. Drágónì kan wà. Ó fẹ́ jẹ ọmọ ọba. Akọni ẹlẹ́ṣin kan dé. Ó pa á. Ó fẹ́ ọmọ ọba. Inú gbogbo wọn dùn. Kò sí ìgbéyàwó nínú ti Jacobus rárá. Richard Johnson, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú kí George fẹ́ ọmọ ọba nínú ìwé rẹ̀ The Seven Champions of Christendom, tí ó jáde ní ọdún 1596, ọ̀nà náà sì dùn mọ́ àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ìgbéyàwó wọlé, kèké jáde. Àgùntàn méjì jáde. Àwọn ọmọ tí ó ti kọ́kọ́ lọ jáde. Ọba tí ó pàṣẹ, tí ó sì fẹ́ fi owó ra ọmọ tirẹ̀ padà, di baba arúgbó kan tí ó ń sunkún lórí ìtẹ́.

Àwọn tí ó gé e ní ìdí tí ó dára lójú: ọmọdé kò yẹ kí ó gbọ́ pé ìlú kan fi ọmọ fún ẹranko jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni gígé yìí ń dáàbò bò? Bí kèké bá jáde nínú ìtàn, drágónì nìkan ni ó kù tí ó jẹ̀bi. Àwọn àgbà ìlú ti bọ́. Òwe wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìtàn Silene sì ni ìtàn ọjà tí ó kún fún àgbà, tí orí ọmọ sì ń wọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí a bá yọ èyí kúrò, a rò pé nítorí ọmọ ni, bẹ́ẹ̀ ni nítorí ara wa ni.

Nígbà kan a sọ ìtàn náà lódindi fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìsinmi nínú ìjọ tí a ń tọ́jú. A ń retí pé wọn yóò béèrè bí iná ẹnu drágónì ti pọ̀ tó. Ọmọbìnrin kan, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, nawọ́, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí ni orúkọ wọn?” Ìtàn náà kò dárúkọ wọn. Ọmọ náà ti rí ohun tí àwọn olùtúnsọ fi pamọ́, kò sì sunkún, kò sì lálàá burúkú tí a gbọ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹnìkan ka àwọn ọmọ náà sí ènìyàn.

Àwọn tí ó sá, àti ẹni tí ó di drágónì

Ìtàn Silene nìkan kọ́ ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ewì Beowulf, tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, tí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo láti nǹkan bí ọdún 1000 ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, parí sí ọ̀dọ̀ drágónì. Beowulf ti di arúgbó. Ó ti jọba fún àádọ́ta ọdún. Ẹnìkan jí ife kan nínú ìṣúra tí drágónì ń ṣọ́, drágónì sì bínú, ó sun ilé àwọn ènìyàn àti ààfin ọba. Ọba arúgbó náà mú àwọn ènìyàn tí ó yàn lọ́wọ́, ó sì lọ bá a jà. Nígbà tí iná bo ọba mọ́lẹ̀, àwọn akọni tí ó ti fún ní ìhámọ́ra àti ẹ̀bùn sá wọ inú igbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo, Wiglaf, ni ó padà sínú iná lọ ràn án lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì pa drágónì náà, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ pa ọba. Ọ̀pọ̀ àtúnsọ kúkúrú fún ọmọdé a máa dúró níbi tí Beowulf ti ṣẹ́gun abàmì Grendel nígbà èwe rẹ̀, kí ìwé lè fi àsè parí. Rosemary Sutcliff kò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àtúnsọ tí ó kọ fún àwọn ọmọ ní ọdún 1961. Ó jẹ́ kí ọba darúgbó, ó jẹ́ kí àwọn àgbà akọni sá, ó sì jẹ́ kí ọmọ tí ó ń kà á rí Wiglaf. Bí a bá yọ àwọn tí ó sá kúrò, kò sí bí ọmọ yóò ṣe mọ ohun tí ó ná Wiglaf láti dúró.

Ìtàn kẹta ti ilẹ̀ Iceland wá, nínú ìwé Völsunga tí a kọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Drágónì tí Sigurd pa níbẹ̀, Fafnir, kì í ṣe ẹranko láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ènìyàn ni. Ó pa baba rẹ̀ nítorí wúrà, ó dùbúlẹ̀ lé wúrà náà lórí, ó sì di drágónì. Andrew Lang tún ìtàn Sigurd sọ fún àwọn ọmọdé nínú The Red Fairy Book ní ọdún 1890, J. R. R. Tolkien sì kà á nígbà èwe rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà tí òun náà kọ The Hobbit ní ọdún 1937, ó fi drágónì kan sùn lórí wúrà níbẹ̀, ó sì mú kí a jí ife kan lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ti Beowulf.

Ọ̀rẹ́ Tolkien, C. S. Lewis, lo ohun tí ó wà nínú ìtàn Fafnir ní ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1952, nínú The Voyage of the Dawn Treader. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eustace, onímọtara-ẹni-nìkan, sùn lórí ìṣúra drágónì pẹ̀lú ojúkòkòrò lọ́kàn, nígbà tí ó sì jí, ó ti di drágónì. Ó gbìyànjú láti bó awọ ara rẹ̀, kò tán. Kìnnìún náà, Aslan, ni ó fi èékánná fa awọ náà ya, tí ó sì jù ú sínú omi. Ó dùn ún gan-an, ó sì jáde ní ọmọ ènìyàn. Lewis kò dárúkọ ìrìbọmi, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ tí ó ń ka ìwé náà fún ọmọ rẹ̀ kò ní ṣàìmọ ohun tí ó ń kà. Àtúnsọ tí ó dára nìyí: ó yí ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ padà, ó yí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó pa òtítọ́ tí ó korò mọ́, pé ènìyàn lè di drágónì.

Ti ẹ̀fẹ̀, àti ti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì

A kò kórìíra ẹ̀fẹ̀. Kenneth Grahame kọ ìtàn kan ní ọdún 1898 nípa drágónì tí kò fẹ́ jà, tí ó fẹ́ràn ewì, tí òun àti George sì jọ gbìmọ̀ láti ja ìjà àṣehàn níwájú ará abúlé. Edith Nesbit náà kó àwọn ìtàn apanilẹ́rìn-ín jọ sínú The Book of Dragons ní ọdún 1900. Wọ́n dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ wọn jókòó lórí ìtàn tí ọmọ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí kò bá mọ drágónì tí ń pani kò lè rí ohun rẹ́rìn-ín nínú èyí tí kì í pani. Kí a kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ gidi, lẹ́yìn náà kí a fún un ní ìpápánu.

Bí òbí kan bá ní kí a dárúkọ ìwé kan ṣoṣo tí ó fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì hàn, a ó dárúkọ Saint George and the Dragon tí Margaret Hodges tún sọ ní ọdún 1984. Àwọn àwòrán tí Trina Schart Hyman yà sínú rẹ̀ gba ẹ̀bùn Caldecott ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1985. Inú ewì ńlá tí Edmund Spenser bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní ọdún 1590 ni ó ti mú un. Ewì náà gùn, ó sì díjú. Hodges gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ dànù, ó yẹ kí ó gé e. Ṣùgbọ́n kò gé ìjà ọjọ́ mẹ́ta. Akọni náà ṣubú ní ọjọ́ kìn-ín-ní lẹ́bàá ìsun omi kan, ó sì dìde ní òwúrọ̀. Ó ṣubú ní ọjọ́ kejì lábẹ́ igi kan, ó sì tún dìde. Ní ọjọ́ kẹta ó ṣẹ́gun. Omi, igi, ọjọ́ kẹta: Hodges kò túmọ̀ ọ̀kankan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí akọni náà jókòó gbádùn lẹ́yìn ìṣẹ́gun, nítorí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ọdún mẹ́fà iṣẹ́ ìsìn sí i fún ọbabìnrin rẹ̀.

Bí a ṣe lè sọ ọ́ nílé

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ojúgbà wa, kò di dandan kí ẹ ra ìwé. Ẹnu yín tó. Ìmọ̀ràn díẹ̀ nìyí.

Èkínní, ẹ má ṣe dá ìtàn dúró ní òru níbi tí drágónì ti la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ó kú kí ọmọ tó sùn. Fún ọmọ kékeré, ẹ lè dín ẹ̀jẹ̀ kù, kí ẹ sì sọ pé kèké “mú àwọn ọmọ lọ” láìṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí kèké wà níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ọba wà níbẹ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí drágónì jẹ́ drágónì. Bí ẹ bá ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Sátánì ni, ọmọ ti mọ òpin, kò ní ohun tí yóò tún rò mọ́. Ẹranko ni kí ó kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí ọmọ bá dàgbà, yóò rí i nínú orí kejìlá Ìwé Ìfihàn, yóò sì mọ̀ pé òun ti pàdé rẹ̀ rí.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ dípò kí ẹ wàásù. Ẹ bi ọmọ léèrè pé: bí ìwọ bá jẹ́ ará Silene, ọjọ́ wo ni ìwọ ìbá ti sọ pé ó tó? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n mú àgùntàn àkọ́kọ́ ni? Kí ẹ sì fara da ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, pàápàá fún àwọn ọmọ-ọmọ tí ó wà ní òkè-òkun. Wọ́n ti mọ drágónì nínú fíìmù. Ẹ̀yin ni ẹ ó fún wọn ní adágún, odi ìlú, ọ̀kọ̀, kèké àti àmùrè. Wákàtí kan lórí fóònù ní alẹ́ Sátidé lè ṣe ohun tí ìwé gírámà kò lè ṣe.

Drágónì tiwa

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo lọ́kàn wa ni pé a ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìsìn tó láti mọ̀ pé Silene kò jìnnà. Òbí kan san owó díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè jókòó sí ibùdó ìdánwò níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó. Àgùntàn kan nìyẹn. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e ó tún san òmíràn kí ó lè wọ yunifásítì. Nígbà tí ó bá yá, àgùntàn yóò tán, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò kù, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí tí kò lè gbèjà rẹ̀ àti ọkàn tí ó ti gbà pé kò sí ohun tí owó kò lè rà.

Èyí tí ó burú jù ni ti ìdákẹ́. A ti jókòó pẹ̀lú ìdílé tí ó mọ̀ pé ẹnìkan nínú ẹbí ń pa ọmọ lára, tí wọ́n sì ní kí a má ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà síta nítorí orúkọ ilé. A ti jókòó nínú ìpàdé níbi tí wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nítorí orúkọ ìjọ. Àlàáfíà ni wọ́n ń wá. Àlàáfíà náà ni àwọn ará Silene ń wá, wọ́n sì rí i fún ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀, ọmọ kan lẹ́yìn òmíràn. Ohùn ọba kò sì jáde títí kèké fi mú ọmọ tirẹ̀.

Ọmọ tí ó ti gbọ́ ìtàn yìí lódindi ní ohun kan lọ́wọ́ tí ẹlòmíràn kò ní. Ó mọ̀ pé àgbàlagbà lè ṣe àṣìṣe ńlá kí gbogbo ìlú sì fara mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé bí ẹnìkan bá fẹ́ fi òun ṣe oúnjẹ fún ohunkóhun, tí wọ́n sì sọ pé kí òun dákẹ́, ẹ̀bi náà kì í ṣe tòun. Ó sì mọ̀ pé a lè ké pe ẹlòmíràn, àti pé ẹni tí ń kọjá lọ lè dúró.

Àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi ìwé lé wa lọ́wọ́, wọn kò sì yọ ojú ewé tí ó bá wọn wí kúrò nínú rẹ̀. Kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Kí Olúwa bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó ṣọ́ àwọn ọmọ tí ó wà nínú ọgbà rẹ̀ lónìí, kí ó sì fún àwa àgbà ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ àgùntàn àkọ́kọ́. Àmín.